Átomo Kan Ṣoṣo

Ìyẹ̀fun ti bo ọwọ́ Asimína dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó gbọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ń pín in ní àgbàlá.

"Kó wà lọ́dọ̀ mi ní Aténì nígbà òtútù," Stratís wí.

"Kó wá sọ́dọ̀ mi ní Tẹsalóníkà nígbà oòrùn," Panayís, àbúrò rẹ̀, fèsì. "Oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà. Kò sí ìjà."

Àtìgbà tí bàbá wọn ti kú lásìkò ìkórè ólífì ni wọ́n ti ń sọ pé ìyá àwọn kò lè dá gbé abúlé mọ́. Asimína ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọmọ wo ni yóò wá gé ìyá tó bí i sí méjì?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, Mirsíní, ọmọ Stratís, ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè. "Átomo ni ohun tí a kò lè gé."

"Ta ni wọn ò lè gé?"

"Átomo, Màmá àgbà."

Asimína mọ átomo. Bí a ṣe ń pe ènìyàn kan ní èdè Gíríìkì wa nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀rọ agbéniròkè ilé ìwòsàn: átomo mẹ́rin, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ló kà á fún un.

"Èmi náà nìyẹn," ó wí.

Mirsíní bú sẹ́rìn-ín. "Ti sáyẹ́ǹsì lèyí. Ó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Òun ni gbogbo nǹkan fi di nǹkan, títí kan ìyẹ̀fun yín yẹn."

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni?"

"Ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i gé báyìí."

"Kí ló jáde níbẹ̀?"

"Iná. Ó jó odindi ìlú."

Asimína nu ọwọ́, ó jáde sí wọn.

"Stratís, átomo mélòó ni mo jẹ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Ọ̀kan ni, Màmá," Stratís wí.

"Ẹ jẹ́ n wà bẹ́ẹ̀. N ò lọ."

"Bí ẹ bá wá ṣubú ńkọ́?"

"Odidi ni n ó ṣubú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Panayís. Stratís ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀wù òtútù ìyá rẹ̀ jáde. Ó ti kó o pamọ́ síbẹ̀ láti àárọ̀. Ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó, kò sì gbé e sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Irun orí òun náà ti ń funfun. Asimína ti rò pé torí òun ni ẹ̀rù ṣe ń bà wọ́n. Ìgbà tó rí bí Stratís ṣe di ẹ̀wù náà mú ló tó mọ̀ pé ọmọ tí kò ní bàbá mọ́ ló dúró níwájú òun yẹn.