Háńgà Kan Tó Ṣófo

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, làfún ni Salome ń sá lórí àpáta ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tú ẹ̀gẹ́ rírọ̀ náà ká, ó sì ń ṣọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò, nígbà tí ó gbúròó ẹsẹ̀. Babáwálé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ olóògbé, ló ṣáájú. Pásítọ̀ ìjọ wọn ń bọ̀ lẹ́yìn, sálúbàtà ilé ló wọ̀. Ọmọ ilé míṣọ́ọ̀nù ni Salome. Ó mọ̀ pé pásítọ̀ kì í fi sálúbàtà ilé jáde lásán.

"Ìyá Ọmọ́tárá, ẹ jókòó," ni Babáwálé wí.

"Mo ti jókòó, Bàbá Ṣẹ́gun," ni ó wí, lórí ìkúnlẹ̀ tí ó wà.

Babáwálé wo pásítọ̀. Pásítọ̀ ló sọ ọ́. Ọmọ́tárá ń ti Tápà bọ̀ níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ó fẹ́ wá bá ìyá rẹ̀ lo ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ tó ru ẹ̀gẹ́ ló kọlu ọ̀kadà tó gbé e, nítòsí Ìdèrè.

Salome wo ọwọ́ rẹ̀ tó funfun fún làfún. "Ẹ jẹ́ kí n lọ fọwọ́," ni ó wí. Kò dìde. Ewúrẹ́ jẹ làfún náà tẹ́rùn lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lé e.

Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ. Òbí kì í sì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà orí ẹní ni Salome wà, àwọn obìnrin ìjọ yí i ká. Kí wọ́n tó gbé e lọ, ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe: ó ṣí àpótí ara rẹ̀, ó mú léèsì funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ rẹ̀ ṣe àgbà ìjọ.

"Èyí ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́," ni ó wí. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi wọ òkìríkà lọ."

Ọ̀rọ̀ òkìríkà yìí kì í ṣe tuntun láàárín ìyá àti ọmọ. Kò sí ìgbà tí Ọmọ́tárá wálé tí wọn kì í fà á.

"Ṣé aṣọ tí òkú òyìnbó bọ́ sílẹ̀ ni o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Màámi, òkú náà kò mọ̀ mí rí. Ibo ni yóò ti rí mi bá jà?"

"Máa ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Ẹ ò rí i pé mo ti rà á báyìí? Àkísà àgbà òyìnbó." Yóò wá rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, yóò sì bá ìyá rẹ̀ ká ewédú tó wà nílẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tí àwọn tó wá bá a kẹ́dùn túká, Salome àti Babáwálé lọ sí Tápà lọ kó ẹrù ọmọ náà. Yàrá náà mọ́ tónítóní: ibùsùn, tábìlì, ìwé. Igi gbọọrọ kan wà lára ògiri tí ó ń fi aṣọ kọ́. Aṣọ méje ló wà níbẹ̀, kò sí òmíràn, òkìríkà sì ni gbogbo wọn. Láàárín wọn ni háńgà kan wà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Babáwálé wo abẹ́ ibùsùn. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wá pe ìyá onílé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àpèkẹ́.

"Àwọn aṣọ yòókù dà?"

"Aṣọ wo, bàbá? Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

"Tíṣà ìjọba ni ọmọ yìí. Alágbàṣe tó wà lábà ní aṣọ ju méje lọ. Háńgà yìí ńkọ́? Kí ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Bí mo ṣe máa ń rí i nìyẹn, ó máa ń ṣófo."

"Ó máa ń ṣófo! Ẹ gbọ́ o! Háńgà náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Àwọn ará ilé ti ń yọjú. Àpèkẹ́ tú kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀ létí ìró, ó jù ú sílẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ wọlé, ẹ tú u." Babáwálé wọlé lóòótọ́, ó tú u, kò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú. Nígbà tí ó jáde, ó na ìka sí obìnrin náà. "Ilẹ̀ tó bo ọmọ yẹn ni yóò bi ọ́ léèrè."

"Àmín," ni Salome wí.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, ó gbé báàgì náà lé itan. Kò wúwo. Ó ń gbàdúrà, àdúrà tí ìtìjú rẹ̀ ń mú un, pé kí ó jẹ́ pé wọ́n jí aṣọ náà ni. Nítorí bí olè kò bá kó o, a jẹ́ pé ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ ọmọ òun, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín pa á mọ́ fún òun títí tó fi kú.

Wọ́n délé. Ó gbé báàgì náà sí ẹsẹ̀ ibùsùn, kò ṣí i.

Ó wà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí obìnrin kan tó borí kanlẹ̀ ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Sàrátù ni orúkọ òun, òkìríkà ni òun ń tà lọ́jà Tápà.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Tíṣà Kò-bá-a-mu?"

"Tíṣà kí ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jà nìyẹn. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Àná ni mo tó gbọ́." Ó jókòó sórí àpótí. "Bí mo bá tú ìdì aṣọ, àwọn yòókù á rọ́ bò ó bí adìẹ tó rí àgbàdo. Òun á dúró lẹ́yìn. Á mú ẹyọ kan, á yí i padà, á yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. Á ní, 'Ó dára, àǹtí, ṣùgbọ́n kò bá a mu.' Mo ní, 'Kí ni kò bá mu? Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?'"

Salome wò ó. Ìbéèrè náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti Tápà dé. "Jọ̀ọ́, má purọ́ fún mi. Ṣé ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ ẹ?"

"Ìṣẹ́ kẹ̀!" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Sàrátù, ó fi ọwọ́ bò ó. "Màmá, ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ kì í ṣa aṣọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń rà á láàárín oṣù mélòó kan. Ó ní èyíkéyìí tó bá wọ yàrá òun gbọ́dọ̀ bá gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mu, kí òun lè fi ojú dídì mú méjì kí wọ́n sì yẹra wọn. Ó ní òun kò fẹ́ kí aṣọ máa dá òun dúró láàárọ̀. Ó sì ní kí gbogbo rẹ̀ jọ eruku ọ̀nà Tápà, kí eruku lè bà lé e kó má hàn."

Ó tú ọ̀rá náà. Síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ erùpẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, ó nípọn, ó gbòòrò nísàlẹ̀.

"Ẹyọ kan tó kù nìyí. Ó fẹ́ èyí tí òun lè fi gun ọ̀kadà láì ká a sókè, tí òun sì lè wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. A ti ń wá a tipẹ́. Ó ní òun ti fi háńgà rẹ̀ sílẹ̀ dè é, òun kò ní fi nǹkan mìíràn kọ́ ọ."

"Háńgà," ni Salome wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ ọjà tó kọjá ni mo rí i nínú ìdì. Mo fi í pa mọ́ sábẹ́ ìjókòó, mo ń retí rẹ̀. Ẹ gbà á, Màmá. N kò lè tà á fún ẹlòmíràn."

Nígbà tí Sàrátù lọ, Salome ṣí báàgì náà, ó tẹ́ àwọn aṣọ náà sórí ibùsùn. Ó gbé bùláòsì aláwọ̀ eérú lé orí síkẹ́ẹ̀tì náà. Ó mú un kúrò, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ amọ̀ lé e, ó fi súwẹ́tà bò ó. Èyí tó bá mú ni ó ń yẹ èkejì. Ọmọ òun kò ṣe aláìní. Ó rò pé bí òun bá mọ èyí, àyà òun yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Léèsì funfun ló wọ̀ lọ, léèsì tí kò bá ọ̀kankan nínú wọn mu. Àmín tí òun ṣe sì wà ní Tápà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sọ fún Babáwálé. Ó gun ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Ìdèrè, ó di ojú.

Ẹ̀gúsí ni Àpèkẹ́ ń bó níwájú ilé, òun nìkan. Salome kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà ju obìnrin náà lọ.

"Ẹ dìde, Màmá! Kí lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wí?"

"Mo ṣe Àmín. Mo wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Háńgà náà ṣófo lóòótọ́."

Àpèkẹ́ bó ẹ̀gúsí kan, ó bó òmíràn. "Inú ìkòkò mi ni Tíṣà ti ń jẹun bí ó bá pẹ́ dé," ni ó wí. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti wá, kò sí ẹni tó bá mi bó ẹ̀gúsí mọ́. Ẹ wò ó bí mo ṣe jókòó."

Salome dìde. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú oòrùn, ó ń sọ fún wọn pé Àpèkẹ́ kò jí nǹkan kan, pé òun ìyá ọmọ ni kò mọ ọmọ òun. Àwọn kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Àwọn kan ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí ó padà, Àpèkẹ́ kò tíì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti wọ yàrá Ọmọ́tárá lọ, ó sì ti mú háńgà náà jáde fún un.

Nílé, Salome gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i, ó rẹ síkẹ́ẹ̀tì náà sínú abọ́ tí kò jẹ́ kí òkìríkà kàn rí. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́. Ó gbé e ti gáùn aláwọ̀ amọ̀ tí Ọmọ́tárá máa ń wọ̀, ó rí i pé ó gùn jù. Nítorí náà ó tú etí rẹ̀, ó ká a sókè dé ibi tí gáùn náà máa ń mọ lórúnkún ọmọ náà, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń rán an lọ́wọ́, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní míṣọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó dé ìparí, ó so kókó, ó fi eyín gé òwú. Ó fi síkẹ́ẹ̀tì náà kọ́ háńgà, ó sì gbé e sáàárín àwọn yòókù tí ó ti fi kọ́ ara ògiri.