Ohun Tí Ẹ̀rọ Fiorenza Rí

Fiorenza kò gbà pé ẹ̀rọ òun lẹ́bi. Kì í ṣe agídí lásán o. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì mọ gbogbo wáyà inú rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Àmọ́ láti àárọ̀ ni ṣóńṣó kan ti yọ lórí àtẹ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tó yẹ kó tẹ́jú.

Abẹ́ òkè kan ní Abruzzo, nílẹ̀ Ítálì, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí àpáta lè gba ìtànṣán ojú ọ̀run dúró fún wọn. Ohun tí wọ́n ń wá kéré débi pé ó ń gba inú òkè kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa rí i kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n, nítorí ìtànṣán bíńtín láti ara ìdọ̀tí lè bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́la ni wọ́n máa kó àwọn ẹ̀rọ tó yege sínú ilé òjé, tí wọ́n á sì tì í pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó bá kùnà, ìta ló máa wà.

Tarcisio, tó ń yẹ àwọn ẹ̀rọ wò fún ẹgbẹ́ wọn, ń fi bíírò gbá tábìlì.

"Fiorenza, jẹ́ ká sòótọ́. Ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́ níbi tó o ti ń fi iná lẹ wáyà."

"Ìdọ̀tí bàbá ta? Ọjọ́ tí ìdọ̀tí bá wọ iṣẹ́ mi, kí ẹ mú mi lọ máa gbálẹ̀ ibùdókọ̀!"

"Ẹnu ẹ kúkú mú."

"Ọwọ́ mi mú jù ú lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ubaldo, ọ̀gá wọn, tó kọ́ Fiorenza níṣẹ́ yìí, rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bàbá yìí le lórí ìmọ́tótó. Ó ti lé ènìyàn jáde rí nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, torí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ìtànṣán tirẹ̀. Lónìí, ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ mu kọfí ná," ló wí, "kí ẹ tó para yín."

Bó ṣe jáde, Fiorenza pa àtẹ náà rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àtẹ tuntun náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Tarcisio wò ó tìfura-tìfura. Ọ̀gá padà dé, ó jókòó sáyè rẹ̀, ṣóńṣó náà sì tún yọ.

Inú Fiorenza kọ́kọ́ dùn bí ẹni tí adájọ́ dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ibi tí ṣóńṣó náà dúró sí. Gbogbo ohun tó ń ta ìtànṣán ló ní àyè tirẹ̀ lórí àtẹ, ó sì mọ àyè yìí. Ohun tí wọ́n ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn ni, láti fi ya fọ́tò ọkàn. Lánàá, Ọ̀gá ní òun fẹ́ lọ pààrọ̀ táyà ọkọ̀ òun.

"Mo máa kọ ọ́ pé ó kùnà," ni Tarcisio wí.

"Má kọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ mi ò lábùkù, màá sì fi hàn ẹ́. Jọ̀ọ́, fún èmi àti Ọ̀gá láyè díẹ̀."

Tarcisio kùn jáde. Fiorenza fa àga mọ́ bàbá náà.

"Ọ̀gá, táyà wo lẹ lọ pààrọ̀ lánàá?"

Ubaldo wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ bo àyà. "Áà! Èmi náà mà gọ̀ o. Mo rò pé á ti tán lára mi. Mo lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi wá gbé odindi ilé ìwòsàn wọlé!"

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti dí, àfi kí wọ́n là mí láyà. Mo ní kí n ti ilé òjé yìí tán ná."

Omi lé sí Fiorenza lójú. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà tán. "Ẹ lọ jókòó sí ọ́fíìsì yín, màá tún ìdánwò ṣe. Á yege. Màá ní wáyà kan ló tú. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

"O fẹ́ purọ́ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ nítorí mi? Ó tì o." Ó dìde. "Tarcisio! Wọlé! Ẹ̀rọ yìí mọ́ tónítóní. Èmi ni ṣóńṣó tó ò ń rí. Wọ́n ya fọ́tò ọkàn mi lánàá."

Tarcisio wo àtẹ, ó wo Ọ̀gá, bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá ńkọ́?" ni Fiorenza bi í nípa ìyàwó rẹ̀. "Ṣé Ersilia mọ̀?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ìwọ àti ẹ̀rọ ẹ lẹ kọ́kọ́ mọ̀."

Fóònù alágbèéká kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkè, torí náà Ubaldo rìn lọ síbi tẹlifóònù ara ògiri, ní ìkángun gbọ̀ngàn. Fiorenza bẹ̀rẹ̀ àtẹ mìíràn. Ó tẹ́jú, bó ṣe yẹ kó rí, Tarcisio sì kọ ọ́ pé ó yege. Fiorenza kò wò ó. Ohùn bàbá náà ló ń gbọ́ láti ọ̀ọ́kán.

"Ersilia, èmi ni. Rárá, mi ò tíì jẹun. Sọ ọbẹ̀ yẹn kalẹ̀ ná, kó o wá àga jókòó."