Dúrọ́ọ̀ Tí Kì Í Dún

Káfíńtà ti kọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní ohun tí yóò sọ nípàdé, bí ẹni kọ́ ayékòótọ́ lọ́rọ̀. Ìjọba fẹ́ gba ìbọn tó wà nílé àwọn ará àdúgbò, káfíńtà sì ni agbẹnusọ àwọn tó ní àwọn ò ní í kó tiwọn sílẹ̀. Kò ju kí opó náà dìde, kó ní olè pa ọkọ òun nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ìyàwó wa, òkú ò ní í bínú," ni káfíńtà wí. "Alààyè lò ń ràn lọ́wọ́. Àbí ilé ta lẹ̀ ń gbé, ìwọ àtàwọn ọmọ?"

Ìbéèrè yẹn ni opó gbé dé gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ilé káfíńtà ni wọ́n ń gbé lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ti káfíńtà náà ni. Ẹni tó sá òjò sábẹ́ igi kì í yọ àáké sí i.

Wọ́n pè é, ó dìde, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn tán pé ká ní àbúrò òun ní ìbọn, ì bá wà láàyè.

Dúrọ́ọ̀ ló wá sí opó lọ́kàn. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kàn án sábẹ́ tábìlì tí ọkọ rẹ̀ fi ń gé aṣọ, tó fi àbẹ́là pa á lára títí tó fi ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, kí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lè tètè kan ìbọn tó wà nínú rẹ̀. Kò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó ní ìbọn tí a bá tì pa, igi lásán ni. Dúrọ́ọ̀ náà dáa débi pé kì í dún. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí olè wọlé, ọ̀pá ló mú dání. Òun àti télọ̀ wọ̀yá ìjà, tábìlì fì sọ́dọ̀ olè, dúrọ́ọ̀ sì rọra ṣí síwájú rẹ̀ bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Opó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rí i. Látọjọ́ náà ni káfíńtà ti ní kí ọ̀rọ̀ ìbọn má jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ọkọ mi ní ìbọn," ni opó wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹni tó wọlé ni ò ní. Tiwa ló fi pa á." Ó sì ro ẹjọ́ dúrọ́ọ̀ náà fún wọn, láti orí àbẹ́là dórí ọ̀pá.

Káfíńtà ní kí wọ́n forí jì í, ọ̀fọ̀ ló ń bá a jà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ di ìbọn rẹ̀ mú nawọ́, ọwọ́ dí bí igbó. Àwọn tó gbé pósí ọkọ rẹ̀ náà nawọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, opó rí i tí èrò yí káfíńtà ká. Ó rò pé wọ́n ń bá a wí ni. Ó sún mọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni bíríkìlà ládùúgbò ń wí, "dúrọ́ọ̀ tí ìyàwó yín ń sọ yẹn, ẹ bá mi kan irú ẹ̀. Tèmi ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i o."

Káfíńtà bi í bí tábìlì rẹ̀ ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà, láì wẹ̀yìn, ó ní kí ìyàwó àwọn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Òun fẹ́ lo ibẹ̀. Iṣẹ́ ti wọlé.