Aago Ìbejì Lọ́rùn Ọwọ́ Aya Atukọ̀

Obìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Aya Atukọ̀ ni ó ń ta aago ọlọ́gbọ́n nínú ilé ìtajà ẹ̀dínwó kan, ní àsìkò òjò ọdún kẹta tí ọkọ rẹ̀ ti wà lórí òkun.

Ilé ìtajà náà gbòòrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ojú ti ń wá aago olówó gọbọi. Garawa oníke ni ènìyàn kọ́kọ́ ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn garawa ni aṣọ ìnura tí a tò bí òkìtì; lẹ́yìn èyí ni bàtà tí a fi okùn so ní méjì-méjì, kí ti ọ̀tún má baà fi ti òsì sílẹ̀ tẹ̀ lé oníbàárà lọ. Àmì pupa wà lára gbogbo wọn, nítorí àṣà ilé náà ni pé ọjà tí ó bá ti pẹ́ lórí pẹpẹ, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa lẹ àmì yìí kiri. Alámì Pupa ni gbogbo wọn ń pè é. Aláwàdà ni, kò sí kọ́ńtà tí kì í dé, kò sì sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Aya Atukọ̀,” ni ó máa ń wí bí ó bá ń kọjá, “ọdún mélòó ni ìwọ náà ti wà lórí pẹpẹ? Ṣé kí n lẹ tìrẹ mọ́ ọ níwájú orí ni?”

“Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ara rẹ,” ni òun náà máa ń dá a lóhùn. “Òun ló ti pẹ́ jù nílé yìí.”

Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ti yí ẹ̀yìn padà, ọ̀rọ̀ náà a máa ta á bí ẹ̀gún inú aṣọ.

Aago nìkan ni kò ní àmì pupa. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti kìlọ̀ pé bí àmì bá kan aago wọn pẹ́nrẹ́n, àwọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n sì pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ń tà á gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sí ọrùn ọwọ́ láti ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn títí di ìgbà tí a bá tì í. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni kọ́ńtà aago wà. Gíláàsì ni a fi ṣe é, iná funfun sì ń tàn nínú rẹ̀, tí ó fi dà bí ilé ọlọ́rọ̀ kan tí ó ṣìnà wọ àdúgbò mẹ̀kúnnù.

Aago méjì ni a yà sọ́tọ̀ fún ìfihàn, a sì so wọ́n pọ̀ bí ìbejì. Bí a bá fi ìka kan ojú ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò tan ìmọ́lẹ̀, a ó sì rí àkókò. Ní ìṣẹ́jú kan náà ni èkejì yóò rọra gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́rùn ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́, bí àwọn méjèèjì bá ṣáà wà nínú ilé kan. Ìyá Táwẹ̀lì, obìnrin ẹlẹ́nu mímú tí ó ń ta aṣọ ìnura, ni ó sọ wọ́n lórúkọ. Táyé ni èyí tí ó ń gbé inú gíláàsì, tí ó ń lọ sọ́wọ́ oníbàárà láti tọ́ ayé wò. Kẹ́yìndé ni ó ń gbé ọrùn ọwọ́ Aya Atukọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kan tí ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nídìí garawa dúró níwájú kọ́ńtà, ó ka iye tí a kọ sí abẹ́ gíláàsì, ó sì gbé ojú sókè.

“Aago ni tàbí ilé?”

“Aago ni, bàbá.”

“Ṣé ó ń dáná?”

“Kì í dáná. Ó ń ka bí ọkàn yín ṣe ń lù.”

“Ọkàn tèmi ti dúró láti ìgbà tí mo ti rí owó yìí. Àmì pupa rẹ̀ dà?”

“Kò ní, bàbá.”

“Nílé yìí? Ìyá wa, ẹ wá wo ohun tó gbówó lórí níbi tí a ti ń ra garawa!”

Aya Atukọ̀ kò jiyàn. Ó bọ́ Kẹ́yìndé, ó fi sí ọwọ́ ìyàwó bàbá náà, ó sì ní kí ó máa lọ sí ìdí aṣọ ìnura. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí bàbá náà fi ìka kan ojú Táyé lẹ́ẹ̀mejì. Láti ẹ̀yìn òkìtì aṣọ ni igbe ti ta: “Ta ló ń fọwọ́ kàn mí?” Bàbá náà tún kàn án. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín bí ọ̀dọ́mọbìnrin. Wọ́n ṣe é, wọ́n ṣe é, àfi bí ọmọdé tí ó rí omi. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ra méjì. Aya Atukọ̀ di ẹrù wọn dáadáa, ó kí wọn pé ẹ ó lò ó pẹ́, ó sì kọjú sí ògiri títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òkun, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde nílé láàárọ̀, kì í sì í fẹ́ fi ohùn jí aya rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo ń lọ, n ó padà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ, kò sí èbúté tí kì í ti pe ilé. Nígbà tí ó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ìpè dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ni ọkọ̀ sọ pé ọkọ̀ ń rìn, pé atukọ̀ náà sì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Wọn kò sọ ohun tí ó dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ a máa mọ́, Aya Atukọ̀ a sì na ọwọ́ rẹ̀ gbalaja sórí ibùsùn, bí ẹni tí ó gbé àwo síta de òjò.

Bí nǹkan ti rí nìyí nígbà tí ó ṣí kọ́ńtà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí kò bá Táyé.

Gíláàsì kò fọ́, àgádágodo kò sì bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni olè lò, yàrá Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ni kọ́kọ́rọ́ sì máa ń sùn. Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ni ẹ̀ṣọ́ àgbà tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, tí ó sì ń gba fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpótí kan láàárọ̀, nítorí òfin ilé náà ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ ibi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún ọjà tò ni ó máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Alámì Pupa sì ń gbà á ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màdáàmù, ọ̀gá ilé ìtajà, béèrè ọ̀rọ̀ náà, orí Bàbá nìkan ni ẹ̀sùn náà balẹ̀ sí.

“Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà, bàbá,” ni Màdáàmù wí. “Bí aago náà kò bá jáde kí ó tó di ìpéjọ òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ó bọ́ fìlà iṣẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wa.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Aya Atukọ̀ ń nu gíláàsì tí ó ṣófo. Kẹ́yìndé gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Aṣọ ìnugíláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Táyé kò kúrò nínú ilé náà, pé ọwọ́ ẹni tí ó wà láàyè ni ó sì wà. Ó yẹ kí ó sáré lọ bá Màdáàmù. Ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná, ó sì ti pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ náà ti gbóná kẹ́yìn. Ó dì í mú mọ́ àyà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, “Ọ̀la ni n ó wí.”

Ọ̀la dé, kò wí. Ìgbọ̀nrìrì náà a máa wá bí ọ̀sán bá ti ń sún mọ́. A sì máa wá léraléra bí ìrọ̀lẹ́ bá ń bọ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ibi iṣẹ́ kí ó lè tètè wọ aago. Bí Kẹ́yìndé bá gbọ̀n, yóò di ojú, òkun yóò sì kéré bí omi inú abọ́. Kò dá a lóhùn rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ìka kan Kẹ́yìndé, Táyé yóò gbọ̀n níbi tí ó wà, ìyàlẹ́nu yóò sì mú ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń lá àlá dídùn kì í fẹ́ kí àkùkọ kọ.

“Ìwọ obìnrin yìí,” ni Ìyá Táwẹ̀lì wí, “ta lò ń rẹ́rìn-ín sí lára ògiri? Àbí ọkọ wa ti fẹ́ dé?”

“Ta ló ń rẹ́rìn-ín?”

“Ìwọ ni o! Bí kì í bá ṣe ọkọ, a jẹ́ pé orí ni. Wá jókòó sórí táwẹ̀lì mi kó o sinmi.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpéjọ, Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà wá dúró níwájú kọ́ńtà. Ó ti fọ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti lọ̀ ọ́.

“Mi ò fẹ́ dá a padà ní dídọ̀tí,” ni ó wí. “Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni mo mú un?”

“Rárá o, bàbá.”

“Ó tó. Mo dúpẹ́.” Ó wo ọwọ́ Aya Atukọ̀, ó sì gbìyànjú láti ṣe àwàdà. “Kí lèmi fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ kì í wo aago. Ọ̀lẹ ló máa ń wò ó: ṣé oúnjẹ ti yá, ṣé ilẹ̀kùn ti fẹ́ tì?”

Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà ni Kẹ́yìndé gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn ti fẹ́ tì.

Aya Atukọ̀ di kọ́ńtà mú. Ohun tí ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ó kọ̀ láti mọ̀ dé bá a ní ìdúró. Lẹ́ẹ̀mejì ni a fi ìka ń kan aago kí a tó rí àkókò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn oníbàárà. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó ń kan òun lọ́wọ́. Olè kan tí iṣẹ́ sú, tí ó ti gbàgbé pé Kẹ́yìndé ń gbọ́, ni ó ń wò ó bóyá àkókò oúnjẹ ti tó. Ó sunkún díẹ̀ lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó sì rí ẹ̀yìn àgbàlagbà náà bí ó ti ń lọ, pẹ̀lú fìlà tí ó gbé lọ́wọ́ bí ẹyin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ láàárín garawa àti aṣọ ìnura. Màdáàmù kò fi ọ̀rọ̀ ṣe kúkúrú rí. Ó sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa orúkọ rere, ó padà sórí òtítọ́. Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà dúró níwájú, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń yán. Ọ̀rọ̀ náà gùn títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro ènìyàn.

Kẹ́yìndé gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ Màdáàmù ti sú olè. Ó wà láàárín wọn, ó sì ti fi ìkọ̀kọ̀ wo aago.

Aya Atukọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ wá sí àyà, ó sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ó ń dágbére. Lẹ́yìn náà ni ó jáde síwájú.

“Ẹ jọ̀wọ́, Màdáàmù. Ẹ jẹ́ kí ibí yìí pa lọ́lọ́.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ ṣáà jẹ́ kó pa lọ́lọ́, ọ̀gá mi.”

Wọ́n dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Táyé ti sọnù, Kẹ́yìndé ránṣẹ́ sí i: obìnrin náà fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìdí garawa ni ohùn kékeré kan ti dáhùn, gìrì, gìrì, bí eṣinṣin inú agolo. Ó tún kàn án. Gìrì, gìrì. Orí gbogbo yí síbẹ̀. Alámì Pupa ni ó dúró síbẹ̀, ó fi apá aṣọ rẹ̀ gígùn bo ọwọ́ òsì, ó sì tẹ ọwọ́ náà mọ́ ara garawa. Garawa náà sì ń bá a kígbe.

“Fóònù mi ni o,” ni ó wí, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ tún ń wò mí fún?”

“Fóònù rẹ?” ni Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. “Inú àpótí ló wà. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí.”

Ìyá Táwẹ̀lì pàtẹ́wọ́. “Ọjọ́ gbogbo ni ti olè!” Kò parí òwe náà; kò sí ẹni tí kò mọ ìyókù.

“Aya Atukọ̀,” ni Màdáàmù wí, “aago ọwọ́ rẹ ló ń pè é. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ta ni?”

Obìnrin náà ń wo Kẹ́yìndé, ó ń dúró, bóyá yóò tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó dákẹ́ títí láé. Kò gbọ̀n. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó gbé ojú sókè, ó na ìka tí ó fi kan aago sí ọ̀gangan ìdí garawa, ó sì wí kí gbogbo wọn gbọ́ pé:

“Alámì Pupa ni ó jí i.”