Pátákó Ìrúwé fún Màámi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débi tó dùn ná. Àlá kan ni mo lá lọ́sàn-án àná. Mo ti jẹ àsáró yó, mo ní kí n kan fẹ̀yìn ti àga díẹ̀, ni oorun bá gbé mi lọ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà ọyẹ́ ni màámi ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Egungun ìbàdí wọn ti jinná, dókítà fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Ògiri ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: "Àkànní, ṣé ewé ti ń rú níta?" Ó máa ń dùn mí dé ọkàn. Ni mo bá ṣèlérí pé kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, màá fi pátákó kan gbé ìgbà ìrúwé wá bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ sáà mọ iṣẹ́ mi. Ohun tí àwọn èèyàn ti jù nù ni mo máa ń ṣà jọ, tí màá kàn mọ́ pákó títí yóò fi di àwòrán. Ìyá Tinú, ìyàwó mi, ní akólẹ̀ ni mí, pé ohun tí mo fi yàtọ̀ sí àwọn akólẹ̀ yòókù ni pé èmi ń kan tèmi mọ́ pákó. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ àná, igi ti wà lórí pátákó náà, òdòdó tí mo fi ìdérí ìgò ṣe ti wà níbẹ̀. Ewé ló kù.

Nínú àlá ọ̀hún, mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo bọ́ síta láti lọ wá ewé. Mo rí agbòòrùn aláwọ̀ ewé kan tó ti ya lẹ́bàá títì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú un, obìnrin kan yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá Tinú, ẹ fi sílẹ̀. Mo ń lò ó."

"Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Mo fi ń ṣe ibòòji fún adìyẹ mi."

Adìyẹ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Mo tún mú páànù kan tó ti dógùn-ún, bàbá kan sọ̀rọ̀ láti inú kànga pé òun ń lò ó. Mo mú rédíò kan tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Rédíò yẹn ò tiẹ̀ dúró de olówó rẹ̀.

"Wọ́n ń lò mí," ó wí. "Èmi ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a."

Kò yà mí lẹ́nu. Bí Ṣakí, ìlú wa, ṣe rí lójú oorun náà ló rí lójú ayé. Nǹkan lè wà lójú títì láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bí ẹ bá ti nawọ́ sí i báyìí ni ẹni tó ń lò ó máa yọjú. Rédíò yẹn rí i pé ó ti sú mi, ó ní kí n lọ sí Ọ́fíìsì Ohun Tí Kò Lólúwa.

Òkè ni ọ́fíìsì náà ń léfòó sí, lókè orí àpáta, okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kó má baà lọ. Mo fa okùn yẹn wálẹ̀ díẹ̀, mo gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn jókòó síbẹ̀, ó de táì pupa mọ́rùn.

"Ẹ káàsán, sà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò ni mò ń wá. Mo fẹ́ fi ṣe ìrúwé fún màámi."

"Ìrúwé wo?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "A ò tíì fọwọ́ sí i kí ewé kankan rú lọ́dún yìí. Òjò gan-an ṣì wà ní ìsinmi."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n hù lágbọ̀n rẹ̀, ìwo tẹ̀ lé e, ọ̀gá di òbúkọ. Mo bá a dẹ táì rẹ̀ kó má baà fún un lọ́rùn, a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ewé tí mo ti dán wò. Mo fi èyí tí mo gé lára ike omi hàn án. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní iyọ̀ ò tó.

"Ṣùgbọ́n àánú yín ṣe mí," òbúkọ wí. "Ohun kan ṣoṣo ló wà nílùú yìí tí ẹnikẹ́ni ò lò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yín ló wà."

Kí n tó dúpẹ́, ọ́fíìsì ti di yàrá màámi. Mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa sálúbàtà wọn jáde, méjèèjì, aláwọ̀ ewé. Mo gbé wọn sórí pátákó, wọ́n sì rí bí ewé méjì àkọ́kọ́ tó yọ lára ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Kò sí ewé tó lè dára tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kàn wá," èyí tòsì wí. "Láti ìgbà ọyẹ́, ẹnikẹ́ni ò lò wá."

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bàjẹ́. Agbòòrùn tó ya ní ẹni tó ń lò ó, rédíò tó ṣófo níṣẹ́ lọ́wọ́, bàtà màámi nìkan ni kò ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òbúkọ ní tí mo bá ti lè kàn wọ́n báyìí, màámi ò ní rìn mọ́ láéláé, kí n rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kí n yára rò ó, nítorí òun ń lọ jẹun. Mo bi hámà léèrè ohun tó rí sí i. Hámà ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ohun tí wọ́n bá ní kí òun lù ni òun máa ń lù. Mo gbé e sókè. N kò tíì lu nǹkan kan tí mo fi gbọ́ kó, kó, kó, kó.

Mo lajú. Orí páànù ilé wa ló ti ń dún. Òjò ti ti ìsinmi dé.

Sálúbàtà méjèèjì wà lórí pátákó nílẹ̀ níwájú mi, pẹ̀lú ìṣó àti hámà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo yọ́ wọn gbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àná, mo rò pé wọn ò wúlò mọ́.

Ohùn màámi wá láti yàrá. "Àkànní, ta ló gbé sálúbàtà mi?"

"Èmi ni, mà. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ewé ni."

"Ewé kẹ̀? Gbé e wá jàre. Mo ń lò ó. Mo fẹ́ lọ wo òjò."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e lọ, mo kúnlẹ̀, mo wọ̀ ọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde. Ó pẹ́ kí a tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n a dé ibẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo igi máńgòrò iwájú ilé wa, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n sí wọn lára. Ìyá Tinú sáré wọlé, ó gbé pátákó ìrúwé mi jáde, ó fi dí ẹ̀gbẹ́ ibi tí màámi jókòó sí. Mo ní ìdérí ìgò máa já bọ́, kó jọ̀ọ́ dá a padà.

"Bàbá Tinú, ẹ fi sílẹ̀," ó wí. "Mo ń lò ó."