Omi Àlejò ní Sirakúsà

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Àpọ̀kẹ́ ti dé Sirakúsà, ìlú òyìnbó kan létí òkun, kò sì tíì rí ẹni tó fún un lómi mu.

Kì í ṣe pé òùngbẹ ń pa á. Florent, àbúrò rẹ̀ tó wá wò, ti ra kọfí fún un nínú ife tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó ti ra omi ọsàn, ó sì ti ra yìnyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ eyín rẹ̀. Bí òùngbẹ bá sì gbẹ ẹ́ gan-an, ó ní ọwọ́, ó máa ń dìde lọ ṣí ẹ̀rọ omi nílé ìdáná. Ṣùgbọ́n omi tí àlejò bá bù fúnra rẹ̀, omi lásán ni. Ní Agbonou, níbi tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, onílé ló ń bu omi àlejò. Á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, àlejò á mu, á ta díẹ̀ sílẹ̀, onílé á wá bi í pé, "Ọ̀nà ńkọ́? Kí lẹsẹ̀ bá wá?" Ìgbà yẹn ni àlejò tó lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹni tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò tíì bi í, ṣe ló ju iṣẹ́ náà sígbó, pàápàá tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìyá sí ọmọ.

Iṣẹ́ ìyá sí ọmọ sì ni Àpọ̀kẹ́ gbé wá.

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Florent gé igi tíìkì tí bàbá wọn gbìn kó tó kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó tà á fún àwọn oníṣòwò láti Anié, ó sì fi owó rẹ̀ wá ọ̀nà Yúróòpù. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá wọn, Málọmọ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde yìí, kó má gbé ọ wọlé lójú mi." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Florent gbé ọ̀rọ̀ yẹn la aṣálẹ̀ kọjá, ó gbé e la òkun kọjá. Kò pe ìyá rẹ̀ rí látọjọ́ náà. Nígbà tó wá rí ìwé ìgbélùú gbà, kò wálé.

Lọ́dún yìí, Inès, ọmọ Àpọ̀kẹ́ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lyon, bímọ, ó sì ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Lówùúrọ̀ tí Àpọ̀kẹ́ fẹ́ kúrò nílé, Málọmọ́, tí kò lè dìde lórí ẹní mọ́, pè é sọ́dọ̀. Ó gba omi sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ mi. Wá a rí, kí o sọ fún un. Kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó lọ." Étienne, tí wọ́n bí tẹ̀lé Àpọ̀kẹ́, tó sì ń tọ́jú ìyá wọn, ní kí wọ́n kúkú pe Florent lórí fóònù. Ìyá ní ẹnu lòun fi dè é, ẹnu náà ni wọ́n á fi tú u, kò sí wáyà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Àpọ̀kẹ́ dé Lyon, Inès wá Florent títí tó fi rí i, ó sì fi ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú. Bí Àpọ̀kẹ́ ṣe dé erékùṣù àárín òkun nìyẹn, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú orúnkún méjì tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

Florent wá pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ tó kúrò nílé láìní irùngbọ̀n ti hewú. Ó dì mọ́ ọn pẹ́, ó ń rùn bí ẹja, torí iṣẹ́ fífọ àpótí ẹja ló ń ṣe lọ́jà. Nígbà tí wọ́n dé yàrá rẹ̀, ó ṣí fìríìjì. Àpọ̀kẹ́ rí ìgò omi níwájú níbẹ̀. Ọwọ́ Florent dé ọ̀dọ̀ ìgò náà, ó dúró díẹ̀, ó sì yà lọ mú omi ọsàn.

"Dàá, ẹ mu èyí," ló wí. Dàá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ tiwọn.

Àpọ̀kẹ́ gbà á, ó mu ún. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ti gbàgbé ilé. Inú bí i. Ó pinnu pé òun kọ́ ni òun máa kọ́ àgbà ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Bó bá fi oṣù kan gbàgbé, òun á fi oṣù kan dúró. Àgídí Àpọ̀kẹ́ rèé, gbogbo Agbonou ló mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pe Étienne. Étienne ní Ìyá mu kókó ife kan gbáko, ó sì ń béèrè bóyá Àpọ̀kẹ́ ti rí ọmọ òun.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìrìn bẹ̀rẹ̀. Florent gbàyè níbi iṣẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun gbọ́dọ̀ rí ìlú. Òkúta funfun ni gbogbo ìlú àtijọ́ náà, òkun yí i ká, àwọn òpópó rẹ̀ sì tóóró débi pé ẹni méjì ò lè bínú síra wọn níbẹ̀ kí wọ́n sì kọjá. Ó mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ó fi àwọn òpó gàgàrà hàn án nínú ògiri, ó ní ilé òrìṣà ni tẹ́lẹ̀ kí Kírísítì tó dé, wọ́n kàn mọ ògiri dí àárín àwọn òpó ni. Àpọ̀kẹ́, tó ti ń lọ sí Máàsì láti kékeré, fọwọ́ kan òkúta náà.

"Wọn ò lé onílé jáde," ló sọ. "Wọ́n kọ́lé yí i ká."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé yẹn á mú kí àbúrò rẹ̀ béèrè ilé. Florent ní kí wọ́n lọ wo ọjà.

Ọjọ́rú, odi ológun tó wà ní ṣóńṣó ìlú náà ni, pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀. Florent ń ròyìn ọba tó kọ́ ọ, àti ogun, àti ọkọ̀ ojú omi. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n máa yọ ahọ́n rẹ̀ tó bá dákẹ́. Bí Àpọ̀kẹ́ bá ní "Florent," á ní, "Dàá, ẹ wo ọkọ̀ yẹn." Ó rẹ obìnrin náà dé egungun. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ohun tó rẹwà. Àjò kì í dùn kónílé má relé, àjò yìí ò tilẹ̀ tíì dùn rárá. Ó pe Étienne lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò gbé e. Ó pè é lọ́jọ́rú, kò gbé e. Ó bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Agbonou dáadáa.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tó kẹ́yìn, lọ́la ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Florent mú un lọ síbi orísun omi kan létí òkun. Wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí i ká, koríko gígùn hù láàárín rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

"Omi dídùn ni, Dàá," ni Florent wí. "Òkun rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò níyọ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti ń sun báyìí."

Àpọ̀kẹ́ jókòó sórí àga òkúta. "Mi ò lọ síbì kankan mọ́."

"Ó ku ibì kan—"

"Gbogbo omi ìlú yìí lo ti fi hàn mí, Florent. O ò tíì fún mi ní ọ̀kan mu."

Florent sún mọ́ irin. Ó gbá irin náà mú, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Mi ò gbàgbé," ló wí. "Bí mo bá fún yín lómi, mo gbọ́dọ̀ bi yín. Bí mo bá sì bi yín, ẹ máa sọ fún mi pé Ìyá ti kú. Kí ló tún lè gbé yín dé ibí?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Àpọ̀kẹ́ lára. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin bínú sí ẹni tó ń bẹ̀rù. Síbẹ̀ kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kàn fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Lọ bu omi wá."

Florent gba ife oníke lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kọfí, ó pọn omi níbi ẹ̀rọ ìta. Ó wá lóṣòó níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níṣojú àwọn òyìnbó tó ń ya fọ́tò pẹ́pẹ́yẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Àpọ̀kẹ́ mu ìdajì, ó ta díẹ̀ sílẹ̀.

"Dàá, ọ̀nà ńkọ́? Kí lẹsẹ̀ bá wá?"

"Àlàáfíà lẹsẹ̀ bá wá. Ìyá wà láyé. Ó ti fi omi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ. Ó ní kó o jẹ́ kóun gbọ́ ohùn rẹ kóun tó lọ."

Florent gbé orí lé orúnkún rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àpọ̀kẹ́ pàápàá rí i pé ó fúyẹ́ nínú ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Agbonou. Ó yọ fóònù, ó pè. Lọ́tẹ̀ yìí, Étienne gbé e.

"Étienne, gbé fóònù sí Ìyá létí. Florent fẹ́ sọ̀rọ̀."

Àpọ̀kẹ́ gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga onírin lórí sìmẹ́ǹtì, àga púpọ̀. Ó gbọ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọrin lọ́nà jíjìn.

"Florent wà lọ́dọ̀ yín?" ni Étienne béèrè.

"Ó wà níbí."

"Ẹ jọ máa bọ̀, Dàá. Bẹ́ ẹ bá délé, màá bu omi fún yín."

Étienne pa fóònù. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà àjò; ohun tí Étienne lè sọ nìyẹn, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Málọmọ́ ṣì ń mu kókó, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìgò omi wà nínú fìríìjì, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu Àpọ̀kẹ́.

Florent gbójú sókè. Ó ti nu omijé, ó ti ń tún ọ̀fun ṣe kí ohùn rẹ̀ má bàa ha létí ìyá rẹ̀. "Kí ló wí? Ṣé wọ́n ti gbé e fún un?"

Àpọ̀kẹ́ wo ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì omi ṣì kù níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àbúrò rẹ̀.

"Mu," ló wí.

Florent wo omi náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbà á. Ó mu ún, ó ta èyí tó kù nísàlẹ̀ ife sílẹ̀, ó sì lóṣòó síbẹ̀, ó ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́.