Kògbà Ò Fín Táyà

Kògbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹni tó bá sì bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè ìdí. Láti kékeré ni kò ti gbà. Wọ́n ní kó sùn, kò gbà. Wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ bí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò gbà, ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ fọkanáísà, ó ń tú táyà, ó ń lẹ táyà, ojú rẹ̀ dúdú fún ọ̀rá àti eruku. Bàbá náà wí títí, ó sú wọn, wọ́n bá fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá tí wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í yangàn.

Bàbá Táyà, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá náà, ní ìwà kan tí àwọn oníbàárà kórìíra. Bí wọ́n bá yẹ táyà kan wò tí wọ́n rí i pé ó ti kú, wọn kì í dá a padà fún ẹni tó ni ín bó ṣe wà. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi la ẹ̀gbẹ́ táyà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e dé mọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Wọ́n á ní, “Òkú ni. Mo kàn bá ọ sin ín ni.” Gbogbo ẹni tó ń gbé táyà wá sọ́dọ̀ wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Nígbà tí bàbá náà kú, Kògbà jogún ọ̀bẹ àti irinṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí, ló jogún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n yìí kò fi ọwọ́ kan táyà rí láyé rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń ta á bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó le. Bọ́ọ̀sì méjì ló ní, tó fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, ọmọ Kògbà náà sì wà lára wọn. Ó ní kí àbúrò òun máa lo ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò sí ìgbà tí wọ́n ríra tí kì í rán an létí pé ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n dé. Dírẹ́bà rẹ̀ yí táyà mẹ́rin sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì padà sínú ọkọ̀. Kògbà kò tíì dìde tó ti rí i pé wọ́n dán bí orí apárí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ní kí n bá yín jù wọ́n nù ni?”

“Ta ló ń ju táyà nù? Mo fẹ́ kó o bá mi fín wọn ni. Àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò ń bọ̀ nílé-ìwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlà ni wọ́n máa ń wò. Bí wọ́n bá ti rí ìlà, ó parí.”

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, irin kan wà tó mú bí abẹ, tí wọ́n ń mú gbóná. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlà tuntun sára táyà tó ti dán, táyà náà á wá dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹwà lásán ni. Rọ́bà díẹ̀ tó ṣẹ́kù náà ni irin yẹn tún ń gbẹ́ kúrò.

“Mi ò lè fín wọn. Bí wọ́n bá bẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ọmọ ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn.”

“Ìwọ àti ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ tìẹ kò ní wọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún dírẹ́bà pé bọ́ọ̀sì kejì ni kó máa fi gbé e, èyí tó ní táyà tuntun. Ṣé o rí i pé mo rò tìẹ mọ́ ọn?”

Kògbà wò ó. Ó ń retí kó gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ọ. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣe èèyàn lóore. Kògbà fi ẹsẹ̀ ti táyà tó sún mọ́ ọn jù padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ kó wọn lọ, Bọ̀ọ̀dá.”

“Mi ò kó nǹkan kan lọ. Tí mo bá dé láàárọ̀ ọ̀la tí o ò tíì fín wọn, kó ẹrù ẹ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ká wo ibi tí agídí máa gbé ẹ dé.”

Ó wọ ọkọ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Ọmọ Bàbá Táyà kan ṣoṣo ló lè fi òkú táyà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kó sì lọ sílé lọ jẹun, ìyẹn ọmọ tí kò jókòó ti bàbá rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí ìyá wọn fi dé. Ẹ̀gbọ́n ti lọ fẹjọ́ sùn nìyẹn. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí bàbá máa ń jókòó lé, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n tún un wé.

“Ọmọ mi, ẹ̀yin méjì péré ni mo bí. Bá a fín wọn. Ìlà lásán ni.”

“Màámi, kì í ṣe ìlà lásán.”

“Níbo lo máa wá kó lọ? Ta ló máa gbà ọ́ sílé pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ tó o fi ń fẹ́ táyà yìí? Kí lo máa fi bọ́ ọmọ ẹ? Mo bẹ̀ ọ́, nítorí tèmi.”

Ó mọ èsì tó lè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ kò ní èsì kankan fún “nítorí tèmi”. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ, ó jókòó, ó wo ṣọ́ọ̀bù náà yíká: ògiri tí èéfín ti pa láró, ihò tí bàbá rẹ̀ máa ń ki sípánà sí. Ká má parọ́, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó dáná, ó mú irin gbóná, ó sì fa ìlà kan sára táyà àkọ́kọ́.

Ìlà náà dára. Ó gún régé, ojú ẹni tó ń yẹ mọ́tò wò ò ní kúrò lára rẹ̀. Kògbà ki ìka sínú rẹ̀ láti nù ún, nǹkan kan sì gún un. Ó tẹ̀ ba. Wáyà inú táyà ló yọrí nísàlẹ̀ ìlà yẹn, tó ń dán. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó yọ níka rẹ̀, ó pòṣé sí ara rẹ̀, ó ti irin gbígbóná bọ inú omi. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀bẹ lára ògiri. Ó la ẹ̀gbẹ́ táyà kan, ó la òmíràn. Nígbà tó fi máa dórí èyí tó kẹ́yìn, ó ti ń kọrin.

Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú dírẹ́bà, ó sì mú ìyá wọn dání kí wọ́n lè rí i bí gbogbo nǹkan ṣe yanjú. Ó wọ aṣọ funfun báláú. Kògbà ti di ẹrù rẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wọn yanu.

“Ta ló ṣe eléyìí?”

“Èmi ni. Wọ́n ti kú, mo bá yín sin wọ́n.”

“Ṣé orí ẹ pé? Kí ni àwọn ọmọ máa wọ̀ lọ sílé-ìwé?”

“Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ kì í bẹ́.”

Dírẹ́bà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá wọn kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

“O dójú tì mí,” ni wọ́n sọ fún Kògbà. “Ṣebí mo bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ bẹ̀ mí, Màámi. Ẹ wá bi Bọ̀ọ̀dá léèrè ohun tí wọ́n sọ fún mi lánàá nípa ọmọ mi.”

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Wọ́n ní ọmọ mi ò ní wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Bọ́ọ̀sì tó ní táyà gidi ni wọ́n máa fi gbé e. Wọ́n mọ̀, Màámi. Wọ́n mọ̀ pé táyà yẹn lè pa èèyàn. Ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n yàn fún un.”

Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kan ṣoṣo tí Kògbà fín, wọ́n kan wáyà náà, wọ́n yára yọwọ́. Wọ́n gbójú sókè wo àkọ́bí wọn.

“Ọmọ ta?”

Ẹ̀gbọ́n gbójú kúrò lára wọn. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, “Ó ti tó. Tú ẹrù ẹ. Máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ.”

“Mo ń lọ, Bọ̀ọ̀dá. Tí mo bá jókòó, ẹ tún máa gbé òmíràn wá, ẹ ó sì tún rán mi létí ẹni tó ni òrùlé. Igi tó wà lódìkejì títì yẹn, kò sẹ́ni tó máa fi halẹ̀ mọ́ mi.”

Ó gbé ẹrù sọdá, ó padà wá kó irinṣẹ́. Ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ló kù, èyí tí ẹnì kan ò lè dá gbé. Ó dì í mú lápá kan, ó ń tiraka, kò mira. Dírẹ́bà fẹ́ súnmọ́ ọn. Ìyá wọn na ọwọ́, wọ́n dá a dúró.

“Ìwọ, gbé e pẹ̀lú àbúrò ẹ,” ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n.

“Màámi, aṣọ funfun ni mo wọ̀.”

“Mo rí i. Gbé e.”

Bí wọ́n ṣe gbé e sọdá títì nìyẹn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọkọ̀ ń fun fèrè mọ́ wọn, ọ̀rá dúdú sì ń ràn mọ́ àyà aṣọ funfun náà. Ìyá wọn ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí ìjókòó bàbá lápá kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. Wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n jókòó.

“Ó yá,” ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Lọ gbé bọ́ọ̀sì kejì wá, ká wo táyà ẹ̀.”

“Màámi, tuntun ni.”

“A máa wò ó.”

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Kògbà, ó sì yí padà lọ bá dírẹ́bà. Kògbà ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń nù ún.